Ọ̀nà Ilé Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ ti Olówó Nìkan

Àsọyé lórí ètò ìrìn-àjò sí ilẹ̀ baba, fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ mọ níwọ̀n

     

Ẹni tó bá dúró ní Òkè Ìtasẹ̀ ní ọjọ́ ọdún Ifá yóò gbọ́ èdè Pọtogí, yóò gbọ́ ti Sípéènì, yóò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà àti ti Trinidad. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka àwọn tó wá, ó yẹ kí a rántí àwọn tí kò rí ọ̀nà wá. Ní Salvador, ní Matanzas, ní New York, ìyálórìṣà wà tó ti ń bọ Ọ̀ṣun láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan omi odò Ọ̀ṣun rí. Awo wà tó ń dárúkọ Ilé-Ifẹ̀ nínú ìjúbà rẹ̀ ní àràárọ̀, tí ọjọ́ sì ń lọ lórí rẹ̀ láìfojú kan Ifẹ̀. Ìfẹ́ kò wọ́n wọn. Owó ló wọ́n. Níbi tí owó bá sì ti wà díẹ̀, ètò tí a fi ń ná an ló wọ́n.

Kókó àsọyé yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè délé, bí ó bá fi àjọ rọ́pò àpò ẹnìkan, tó fi ìjókòó rọ́pò ìsáré káàkiri, tí àwọn onílé náà sì fi òtítọ́ gba àlejò wọn. Ìyókù, àlàyé ni.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ PADÀ

Ìpadàbọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ padà kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn Màlẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ìjọba Bahia fojú àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira rí màbo. Wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú; ọ̀pọ̀ mìíràn sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Ouidah, sí Àgbádárìgì, sí Àjàṣẹ́ tí ayé ń pè ní Porto-Novo, àti sí Èkó. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà, adúgbò wọn ní Erékùṣù Èkó sì ń jẹ́ Pópó Àgùdà títí di òní olónìí. Káfíńtà, bíríkìlà, télọ̀ àti oníṣòwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ wà nínú wọn.

Báwo ni ẹrú ṣe ń rí owó ra ara rẹ̀ padà ní Bahia? Manuel Querino, òpìtàn adúláwọ̀ ọmọ Bahia, ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀: wọ́n ń kóra jọ, wọ́n ń dá owó sí ọwọ́ ẹnìkan tí wọ́n fọkàn tán, wọ́n sì ń fi owó àjọ náà ra òmìnira fún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti gba tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò; yóò máa dá owó títí yóò fi kan gbogbo wọn. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pe irú àjọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò ní gbọ́ èsúsú nínú orúkọ náà. Ohun tí ọ̀nà ilé nílò lónìí, àwọn baba ńlá ti gbé e lọ sí ẹ̀yìn òkun, kò sì sọnù lọ́wọ́ wọn.

Ìtàn ẹnìkan tún wà tó yẹ kí onírìn-àjò mọ̀. Ọdún 1859 ni wọ́n bí Martiniano Eliseu do Bonfim ní Salvador. Bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó ní 1875. Ó lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, ó kàwé, ó kọ́ Ifá, ó sì padà sí Bahia ní 1886. Ó di babaláwo tí gbogbo ìlú ń wárí fún; òun ni Eugênia Anna dos Santos, ìyálórìṣà tó dá Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní 1910, máa ń fọ̀rọ̀ lọ̀. Ìmọ̀ tí ìjókòó fún un ló fi di ẹni ńlá. Kò sí ẹni tó lè bèèrè ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ òde òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì dúró: ẹni tó jókòó síbi kan ló ń gbọ́ ohun tí ibẹ̀ ń sọ.

ÌLÚ WO NI ILÉ?

Ìnáwó àkọ́kọ́ tó máa ń lọ lásán ni ti ẹni tó gbéra kó tó mọ ibi tó ń lọ. Ó rí Èkó, ó rí Ìbàdàn, ó rí Ifẹ̀, ó rí Ọ̀yọ́ láàrin ọjọ́ mẹ́fà. Ó ya fọ́tò, ó sì padà láìmọ orúkọ ẹnìkan. Àyẹ̀wò DNA lè sọ fún un pé apá Nàìjíríà tàbí Benin ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Kò lè dárúkọ agboolé fún un.

Ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní ẹ̀yìn òkun ló ti ní àdírẹ́sì yìí lọ́wọ́ láìmọ̀. Oxaguiã tí wọ́n ń bọ ní Bahia ni Òrìṣà Ògìyán, Èjìgbò sì ni ìlú rẹ̀. Oxalufã ni Òrìṣà Olúfọ́n, ti Ifọ́n. Inle tí àwọn Lùkùmí ń bọ ní Cuba ni Ẹrinlẹ̀, ti Ìlobùú. Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, Yemọja sì ní Abẹ́òkúta lẹ́bàá odò Ògùn. Ọya ń tọ́ka sí Ìrá, Ṣàngó ń tọ́ka sí Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ń tọ́ka sí Kétu. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà nínú Candomblé, Iléṣà ni kó wò. Kí onírìn-àjò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀: òrìṣà wo ló dá ilé yìí sílẹ̀, orin wo ni a ń kọ tí ó dárúkọ ìlú, oríkì wo ni a jogún? Ìbéèrè náà kò gba kọ́bọ̀, òun ni yóò sì sọ ibi tí owó yóò lọ.

Ẹni tí ilé rẹ̀ bá jẹ́ Kétu gbọ́dọ̀ ṣọ́ra lórí ohun kan. Inú orílẹ̀-èdè Benin ni Kétu wà, físà Benin sì yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Bí Kétu nìkan ni ó ń lọ, kí ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Cotonou tààrà. Físà kan péré ni yóò san, kò sì ní jìyà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Bí ó bá fẹ́ dé ìlú méjèèjì, kí ó rí i dájú pé físà Nàìjíríà rẹ̀ gba wíwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ẹni tó fi físà ẹ̀ẹ̀kan jáde lọ sí Benin kò lè fi í padà wọlé. Kí àwọn ọmọ ìran tí a kó lẹ́rú sì mọ̀ pé ní ọdún 2024, Benin ṣe òfin tó fún wọn láyè láti tọrọ ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè.

IBÙDÓ KAN ṢOṢO

Lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ìrìn káàkiri ni ó máa ń jẹ owó àlejò jù. Oògùn rẹ̀ ni kí a mú ibùdó kan, kí a sì máa ti ibẹ̀ lọ, kí a máa bọ̀.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe tò. Ifẹ̀, Iléṣà àti Òṣogbo dà bí àdògán mẹ́ta. Ìrìn wákàtí kan tàbí díẹ̀ lé ni láti ọ̀kan dé èkejì. Ìlobùú àti Ifọ́n kò jìnnà sí Òṣogbo, Èjìgbò náà wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà. Ẹni tó gba yàrá kan ní Òṣogbo tàbí ní Ifẹ̀ lè jí lówùúrọ̀, kó wọ ọkọ̀ èrò, kó dé ojúbọ, kó sì padà sùn síbi tó fi àpótí rẹ̀ sí. Ní Ifẹ̀ nìkan, Òkè Ìtasẹ̀, Òpá Ọ̀rànmíyàn, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà létí ààfin, àti ojúbọ Ọbàtálá tó láti gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mọ̀ wọ́n. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ṣí sílẹ̀ fún àlejò yípo ọdún. Kò di ìgbà ọdún Ọ̀ṣun nìkan.

Láti Èkó dé Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2021 dínwó púpọ̀ ju kí àlejò dá gba mọ́tò lọ. Ó ń dúró ní Àgége, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ó ń dúró ní Abẹ́òkúta fún ẹni tó ń lọ kí Yemọja, ó sì ń parí sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀, kí àlejò lọ sí gáréèjì Ìwó Road, yóò rí ọkọ̀ Ifẹ̀ àti ti Òṣogbo. Kí ó rìn lójú ọ̀sán, kí ẹni tó mọ ọ̀nà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n béèrè ìròyìn ojú ọ̀nà lọ́wọ́ onílé kí wọ́n tó gbéra. Fífi òru rìn láti dín owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kan kù kì í ṣe ọgbọ́n.

ÌGBÀ WO?

Oṣù Òkúdù, tí í ṣe oṣù kẹfà, ni ọdún Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀. Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, oṣù náà sì ni ti Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, èyí tí UNESCO fi kún àwọn àjogúnbá aráyé ní 2023. Àwọn àsìkò wọ̀nyí dùn, ṣùgbọ́n yàrá máa ń wọ́n, èrò máa ń pọ̀, àwọn àgbà kì í sì í ráyè jókòó ti ẹnikẹ́ni. Oṣù kejìlá ló burú jù fún àpò, nítorí ìgbà náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun ń rọ́ wálé fún ọdún, tí owó ọkọ̀ òfurufú sì ń fò sókè.

Ẹni tó fẹ́ rí ọdún, tó sì fẹ́ dín owó kù, kí ó dé ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọdún Ifá, kí ó sì dúró lẹ́yìn tí èrò bá túká. Ẹni tí ìmọ̀ jẹ lógún ju ìran wíwò lọ, kí ó wá ní oṣù kejì tàbí ìkọkànlá. Òjò kò pọ̀ nígbà náà, àwọn àgbà wà nílé, ọ̀rọ̀ sì máa ń gùn ní ìrọ̀lẹ́.

OWÓ TÓ ṢEÉ DÍN ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ ṢEÉ DÍN

Kí onírìn-àjò pín owó rẹ̀ sí apá márùn-ún: tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé àti ìlera, ibùsùn àti oúnjẹ, ọkọ̀ ilẹ̀, ọrẹ àti ètùtù. Lẹ́yìn náà, kí ó ya ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Nítorí pé iye náírà kì í dúró sójú kan, kí ó ṣe ìṣirò ní owó ìlú tirẹ̀ tàbí ní dọ́là, kó má sì fi iye ti ọdún tó kọjá ṣe ètò ti ọdún yìí.

Ìwé àti ìlera ni kò ṣeé dín. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni Nàìjíríà ti ń gba ìbéèrè físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé ìjọba gan-an ni kí a lò, kí á má gbé e fún alágbàtà tí a kò mọ̀. Ẹni tó ń ti Cuba bọ̀ gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ìlú tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbà kọjá ń béèrè físà pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ṣe dandan, ó sì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí a tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń gbà á, ó sì tó fún gbogbo ayé ẹni. Nítorí náà, ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀ fún ìrìn-àjò mìíràn. Oògùn tí a fi ń dènà ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wọ́n jù ú lọ fíìfíì.

Ibùsùn àti oúnjẹ ṣeé dín. Yàrá nínú agboolé awo dínwó ju òtẹ́ẹ̀lì lọ, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí àlejò má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kí ó mú owó wá fún epo jẹnẹrétọ̀, fún omi, àti fún ìyàwó ilé tó ń dáná. Kí ó fi í lé ìyá ilé lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó dé, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ní ìta, àmàlà àti ewédú ní bùkátéríà yóò yó o ní ìdá kékeré nínú iye tí òtẹ́ẹ̀lì yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a ń kó lọ sílé náà ní ìṣirò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í jẹ́ kí a mú ewé tútù, obì, irúgbìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ wọlé láìgba ìwé àṣẹ. Kí a béèrè kí a tó rà, kí ó má baà di pé aṣọ́bodè gba gbogbo rẹ̀ dànù.

Ọ̀RỌ̀ ÌTẸ̀FÁ

Ibí ni omijé ti ń bọ́ jù. Àlejò dé fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ní kó tẹfá lọ́la. Kò mọ olúwo rẹ̀, olúwo kò mọ̀ ọ́n. Owó ń yí padà láàárọ̀ àti lálẹ́. Òmíràn yá owó ní ilé ìfowópamọ́ kó tó wá, ó sì ń san án fún ọdún púpọ̀ láìrí ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ohun tí Odù tó bí i sọ.

Ìtẹ̀fá ní ìnáwó tòótọ́: ẹran wà níbẹ̀, oúnjẹ ọjọ́ púpọ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ awo púpọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n kò pọndandan kí a so ó mọ́ ìrìn-àjò àkọ́kọ́. Adífá, ìbọrí, àti ìforíbalẹ̀ ní ojúbọ òrìṣà ilé rẹ̀ tó fún ẹni tó kọ́kọ́ wá. Bí Ifá bá sọ pé kí ó tẹfá, ọ̀rọ̀ náà ti dé; kí ó padà sílé lọ múra. Efuntọla Adéfúnmi, tó dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970, ti gba òrìṣà ní Matanzas láti 1959. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ní 1972, ló tó tẹfá ní Abẹ́òkúta. Ìdúró náà kò dín ògo rẹ̀ kù.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é, kí ó gba àkọsílẹ̀ kí ó tó gbéra: iye ọjọ́, iye awo, ohun èlò lọ́kọ̀ọ̀kan, iye owó rẹ̀, àti ẹni tí yóò máa kọ́ ọ lẹ́yìn tó bá padà. Awo tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn kò tíì ṣetán láti bímọ.

ÀJỌ

Báwo wá ni owó yóò ṣe jọ? Ẹ jẹ́ kí a fi ilé òrìṣà kan tó ní ogún ọmọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ń dá ìdá kan nínú ogún owó ìrìn-àjò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹnìkan yóò lè gbéra ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, gbogbo ilé yóò sì ti dé ilé baba láàrin ọdún márùn-ún. Bí agbára wọn kò bá tó bẹ́ẹ̀, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ilé ní Cuba, kí wọ́n dá owó rán ẹyọ ẹnìkan, kí ó lọ fún gbogbo wọn. Àgbà ilé ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí ikú má baà ṣáájú ìdé rẹ̀. Kí ọ̀dọ́ kan sì tẹ̀ lé e bí owó bá ká a, kí ó lè kọ ohun tí àgbà rí sílẹ̀. Orúkọ ogún ènìyàn ni yóò pè ní ojúbọ, ìkíni ogún ènìyàn ni yóò jẹ́. Ohùn àwọn àgbà tí ó bá gbà sínú fóònù, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, yóò di ogún fún gbogbo ilé.

OJÚṢE ONÍLÉ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà nílé ju àlejò lọ. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n lọ kò yẹ kí ó fi gbèsè padà. Bí a bá rí àlejò bí àpò owó, a ti sọ ara wa di ibùdókọ̀ kejì tí a ti ń tà á. Kí tẹ́ńpìlì àti agboolé kọ owó iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gbangba, kí iye kan náà sì jẹ́ ti ẹni tó sọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ẹni tí kò sọ ọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tó padà. Kí ọ̀dọ́ awo kọ́ Pọtogí tàbí èdè Sípéènì, kí àlejò má baà máa sanwó fún ògbufọ̀ nínú ilé baba rẹ̀. Ìwà ni Ifá fi ń mọ awo, ọ̀nà tí a gbà gba àlejò sì wà lára ìwà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọ̀rúnmìlà la ọ̀nà fún àwọn tó kù lẹ́yìn. Kí àgbà tó ń pe Ifẹ̀ láti òkèèrè fi ojú ara rẹ̀ rí Ifẹ̀. Kí ẹni tó wá má pàdánù, kí ẹni tó gbà á má ṣèrú. Kí ọdún tó ń bọ̀ bá àwọn tí àjọ rán wá láàrin èrò ọdún. Àṣẹ.

Àbọrú, àbọyè.